Kókò Ni àbí Kòkó?

"Ta ló ni pákò yìí, ìyáálé?"

Sàlámọ̀tù mọ ẹni tó ni ín kó tó béèrè. Àná ló jáde tákàbá. Ó ti wẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ opó sọnù, ó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ẹfúnyẹmí, ìyáálé rẹ̀, wọlé láìkágò, tó gbé àwo kan kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Orín àtà kan ṣoṣo ló wà nínú àwo náà, tútù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Ní agboolé Awórìndé ní Ìkirè, ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣú opó kì í wá fúnra rẹ̀, pákò rẹ̀ ló máa ń rán. Bí obìnrin náà bá mú un tó run ún, ó ti gba ọkọ tuntun nìyẹn. Bó bá dá a padà, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Fájánà ni," Ẹfúnyẹmí dáhùn. Kò jókòó. "Ó ní kí o run ún kí oòrùn tó mú."

"Fájánà!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sàlámọ̀tù kó tó rí i dì mú. Obìnrin tó sanra ni, bó bá ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara ló máa ń bá a rín in, láti orí ọmú títí dé ìdí. "Àbúrò ọkọ mi tí mo bá nílé yìí tó ń tọ̀ sórí ẹní? Ìyáálé, ìdí ọmọ yẹn, èmi ni mò ń fi ewé nù ún! Kí ló tún kù níbẹ̀ tí n kò tíì rí?"

Ẹfúnyẹmí kò rín. Láti ọjọ́ tí Sàlámọ̀tù ti wọlé ọkọ, àwọn méjèèjì kò tíì jọ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan náà rí.

"Ó ní bí o kò bá mú un, kí o padà sílé yín ní Àpòmù. Ó sì ti gba àwọn tí yóò já kòkó ìsàlẹ̀ odò. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Sàlámọ̀tù. "Kòkó ìsàlẹ̀ odò ta ni?"

"Èmi kọ́ ni mo rán ara mi níṣẹ́."

"Kòkó mi ni wọ́n fẹ́ lọ já yẹn. Sàdáákì mi ni! Òun ni Jímọ́ọ̀ fi fẹ́ mi."

"Ìyẹn wà láàárín ìwọ àti àwọn alfa yín." Ẹfúnyẹmí ti dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ọ̀ṣúnkọ̀yà ń pe gbogbo wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wá sọ ọ́ níbẹ̀."

Ó lọ. Àwo wà nílẹ̀, pákò wà nínú rẹ̀. Sàlámọ̀tù wò ó bí ẹni ń wo ejò tó ká sójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni kòkó náà nígbà kan. Lọ́dún tí Jímọ́ọ̀ gbé e níyàwó, igi ibẹ̀ kò ga ju ewúrẹ́ lọ, ní oko wọn ní Ararọ̀mí-Òwu, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àpòmù fi í ṣẹlẹ́yà títí: "Wọ́n fi fàdákà fẹ́ wa, wọ́n fi aṣọ òkè fẹ́ wa, ìwọ, ewé ni wọ́n fi fẹ́ ọ. Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni?" Òun náà ké "mẹ̀ẹ̀" sí wọn, ó sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ó roko ìdí ewé náà. Lọ́dọọdún, pẹ̀lú oyún, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó roko rẹ̀. Ewé di igi, igi so. Nígbà tó sì di pé ogun Hítílà parí, tí àwọn òyìnbó tún ń fẹ́ kòkó bí aláboyún ṣe ń fẹ́ ohun kíkan, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù di olówó ọkọ̀, ilé koríko di ilé páànù, kò sì sí ẹni tó tún pe kòkó Sàlámọ̀tù ní ewé mọ́.

Mùnírátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó dúró, ti wà nílé ọkọ ní Ìkòyí. Ilé bàbá Sàlámọ̀tù ní Àpòmù ti kún fún àwọn ìyàwó Gàrúbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Bí wọ́n bá gba kòkó yìí, kí ló kù? Pákò inú àwo ló kù. Yóò run ún, yóò sì wọ yàrá ọmọ tó ti nù nídìí.

Ó so gèlè, ó gbé àwo náà dání, ó jáde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọ̀ṣúnkọ̀yà ti kún. Òun ni àgbà agboolé, arúgbó tó ti ń bọ Ọ̀ṣun kí ìmàle tó wọ ilé Awórìndé, ó sì jókòó lórí awọ, ó na ẹsẹ̀ wíwú síwájú. Gàrúbà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ti Àpòmù wá fún ìjáde tákàbá, ó ń fi àtàǹpàkò ti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfúnyẹmí jókòó nídìí òpó pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé. Opó Jímọ́ọ̀ ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń rán pákò sí. Epo pupa ló ń tà. Ìkòkò epo rẹ̀ tó lọ bí ogún ló tò sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Fájánà ti ṣèlérí fún un pé bí Sàlámọ̀tù bá ti lọ, Làtífù ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìbàdàn, ni yóò ni kòkó ìsàlẹ̀ odò. Nítorí náà ni Sàlámọ̀tù kò ṣe wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Fájánà dìde. Ọkùnrin tó lẹ́wà ni, bí Jímọ́ọ̀ gẹ́lẹ́ nígbà ọ̀dọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Sàlámọ̀tù.

"Ẹ̀yin bàbá mi, n kò wá jà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, èmi ni àbúrò tó kù. Mo ní kí ilé má tú, mo rán pákò. Bí ìyàwó wa bá fẹ́ mi, kó run ún. Bí kò bá fẹ́ mi, kò burú. Ṣùgbọ́n kò lè fi ẹsẹ̀ kan jáde nílé Awórìndé kó fi èkejì tẹ kòkó Awórìndé mọ́lẹ̀."

"Ọkọ mi kékeré," Sàlámọ̀tù bẹ̀rẹ̀.

"N kì í ṣe kékeré mọ́!"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ ti dàgbà, mo rí i. Ẹni tó bá rí yín lónìí kò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sunkún lójọ́sí pé adìẹ ṣá yín ní..."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀ṣúnkọ̀yà fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Sàlámọ̀tù, ẹnu rẹ yìí ni yóò lé ọ kúrò nílé kí Fájánà tó lé ọ. Sọ ohun tí o ní í sọ."

Sàlámọ̀tù kúnlẹ̀. "Bàbá, sàdáákì mi ni kòkó yẹn."

"Ìyẹn ni n kò mọ̀. N kò mọ ràká, n kò mọ rúkúù, owó orí ni èmi mọ̀. Bí obìnrin bá ń lọ, ó ń dá owó orí padà."

"Owó orí yàtọ̀, Bàbá. Owó orí ni iṣu àti oyin àti iyọ̀ àti aṣọ tí ẹ kó wá bá bàbá mi. Bàbá mi jẹ iṣu, ìyá mi ró aṣọ, ó parí. Sàdáákì, tèmi ni. Ọwọ́ obìnrin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Bàbá mi kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ọkọ mi kò gbọ́dọ̀ gbà á padà, ikú kì í sì í gbà á. Láìsí i, yìgì kò so, ọ̀rẹ́ lásán ni èmi àti Jímọ́ọ̀ ìbá máa ṣe láti ọjọ́ yìí."

Arúgbó náà mi orí. "Àwọn ìmàle gbọ́n o. Ọpẹ́ ni pé àwọn ìyàwó tèmi kò gbọ́ èyí lásìkò." Ó wo Gàrúbà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Bàbá. Ó wà nínú Kùránì."

"Ó dáa. Kí wá ni Jímọ́ọ̀ fún ọ, ìwọ Sàlámọ̀tù?"

"Kòkó ìsàlẹ̀ odò."

"Kókò!" Fájánà ké.

Ó yíjú sí arúgbó náà.

"Kókò ni, Bàbá. Kókò tí a ń sè, tí a ń fi epo jẹ. Mo wà níbẹ̀. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, wọ́n gbé mi lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ náà, mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Alfa tó so yìgì náà gbé ohùn sókè, ó ní, 'Mo so ó lórí kókò ìsàlẹ̀ odò.' Ni gbogbo àwa ọmọdé bá ń yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín, nítorí a kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi kókò fẹ́ ìyàwó. Mo lè fi òrìṣà ilé yìí búra. Kókò wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Sàlámọ̀tù wò ó. Ẹni tó ń purọ́ kì í wojú bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló ń sọ.

"Sàlámọ̀tù," Bàbá ní, "kí ni ìwọ gbọ́ lẹ́nu alfa?"



"N kò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

"O kò gbọ́ ohun tí wọ́n fi fẹ́ ọ?"

"Mò ń sunkún ìyàwó." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jáde bí ikọ́. "Wọ́n ti kọ́ mi pé bí ẹkún ìyàwó bá ṣe ń dún tó ni ọlá ilé bàbá rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá mi ní kí n dákẹ́ kí n gbọ́, mo tún fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Jímọ́ọ̀ ló sọ fún mi lálẹ́, ó ní kòkó ni."

"Ọkọ tó wà lórí ẹní ìyàwó tuntun," ọkùnrin kan kùn láti ẹ̀yìn, "kí ni kò ní sọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí Sàlámọ̀tù kò bá wọn rín.

"Alfa náà ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Ó ti kú," Gàrúbà ní. "Bàbá wa náà ti kú."

"Ìwọ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

Sàlámọ̀tù yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Gàrúbà ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, kò wo ojú rẹ̀.

"Bàbá, Tápà ni alfa náà. Ó mọ Kùránì bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n Yorùbá kò gbọ́ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ pe ọkọ́, á pè é ní ọkọ̀. Èmi kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí etí mi gbọ́..." Ó fọwọ́ ra fìlà orúnkún rẹ̀. "Kókò ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Sàlámọ̀tù, má jẹ́ kí n fi ẹnu mi ra iná. Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo gbọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ."

"Ẹ kò lè sọ pé ẹ kò rántí?"

"Mo rántí."

Fájánà na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn àgbà. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn o, èmi kọ́. Ohun tí wọ́n so ni ó so. Ẹni tí wọ́n fi àgbò ṣe àdéhùn fún kò lè wá fa màlúù lọ. Kókò ni sàdáákì rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́ tán, ó ti gba inú ìkòkò lọ tipẹ́tipẹ́."

"Jímọ́ọ̀ ń kó owó kòkó yẹn fún mi lọ́wọ́ lọ́dọọdún!" Sàlámọ̀tù ké. "Gbogbo yín rí i!"

"Ojú àánú ni. Ọkọ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀ lóore ni?" Inú Fájánà ti ń dùn, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yin bàbá mi. Ohun gbogbo tí obìnrin bá rí kó jọ nílé ọkọ, ọkọ ló ni ín. Ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe adìẹ, ìbáà ṣe ìkòkò epo. Ọkọ kú, ó di ti ẹbí. Òun àti ẹrù rẹ̀ ló jọ di ti ẹbí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láyé àwọn baba wa."

Àwọn ọkùnrin kan mi orí. Àwọn obìnrin wo ilẹ̀. Nídìí òpó, Ẹfúnyẹmí gbé ojú sókè.

Bàbá Ọ̀ṣúnkọ̀yà mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí ta kókó. Ta ló tún wà ní Àpòmù lọ́jọ́ náà tó ṣì wà láyé?"

Sàlámọ̀tù mọ̀. Ó ti mọ̀ láti àárọ̀. Àmọ́ bí ẹni ní kó bẹ ẹkùn kó bá a gbé ọmọ ni. Ó rí ara rẹ̀ níwájú àwo tó gbé wá, ó rí pákò, ó tún rí Fájánà tó dúró bí Jímọ́ọ̀ tí kì í ṣe Jímọ́ọ̀.

"Ìyáálé wà níbẹ̀," ó ní. "Àwọn ni wọ́n ru igbá ìdána."

Fájánà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ bi wọ́n."

Ẹfúnyẹmí kò dìde. Ó ti wà nílé Awórìndé kí wọ́n tó bí Fájánà, kò sì tíì pe é ní ọkọ mi lọ́jọ́ kan rí.

"Mo ru igbá náà lóòótọ́," ó ní. "Wọ́n ní ìyáálé tó bá ru igbá orogún rẹ̀, ọ̀làwọ́ ni. Mo rù ú láti Ìkirè dé Àpòmù, ọrùn mi ń dùn mí, ikùn mi ń dùn mí jù ú lọ. Ẹ̀yin lè gbàgbé ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà. Èmi? Orogún kì í gbàgbé ohun tí wọ́n fún orogún rẹ̀."

"Kí ni alfa sọ?" Bàbá béèrè.

"Kókò."

Gàrúbà dé fìlà padà sórí. Fájánà ti ń tún agbádá kó léjìká.

"Jókòó," Ẹfúnyẹmí sọ fún un. "N kò tíì sọ tán. Ta ló ni kókò tó wà ní ìsàlẹ̀ odò lọ́dún náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Oko tirẹ̀ ni."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo ni ín." Ìgbà yẹn ló wá dìde. "Jímọ́ọ̀ gbin kòkó. Ọmọ kòkó kì í fẹ́ oòrùn, ó ní kí n wá gbin kókò sí i láàárín, kí ewé rẹ̀ máa ṣíji bò ó. Èmi ni mo fi owó epo mi ra kókò tí mo gbìn. Èmi ni mo kọ ebè, èmi ni mo wú u, èmi ni mo tà á lọ́jà, lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀lé e. Jímọ́ọ̀ kò bá mi pín in, kò tilẹ̀ dán an wò. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ mí. Bí Jímọ́ọ̀ bá fi kókò mi fẹ́ ìyàwó lé mi lórí, ṣé ẹ rò pé yóò ti Àpòmù dé ilé tòun ti ojú méjèèjì?"

Ẹ̀rín bú jáde lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, àwọn ọkùnrin náà kò lè pa á mọ́ra. Ẹfúnyẹmí dúró kó lọ sílẹ̀.

"Bí mo ṣe gbọ́ kókò lẹ́nu alfa yẹn, mo sọ igbá kalẹ̀, mo bọ́ sáàárín wọn. Mo ní, 'Jímọ́ọ̀, kókò ta ni?' Ó ní, 'Jọ̀wọ́, ìyá Làtífù, má dójú tì mí. Ahọ́n alfa ló gbé e sódì. Kòkó ni mo sọ.' Mo ní, 'Tún un sọ.' Ó tún un sọ: kòkó. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ka kòkó sí nígbà náà? Mo ní kó gbé e fún un, ṣebí kòkó kò ṣeé sè." Ó gbé ọwọ́ sílẹ̀. "Èmi arìndìn ni mo fọwọ́ sí i."

"Lóòótọ́!" Gàrúbà fò dìde tó fi jẹ́ pé tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọlọ́run ló tóbi! Obìnrin kan wọlé wá, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí níwájú alfa. Bàbá wa bínú, ó ní ta ni obìnrin yìí. N kò gbọ́ ohun tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ, ariwo pọ̀, Sàlámọ̀tù ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo rí i. Ìyá, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Ìwọ lo sì fà mí láṣọ pé kí n jáde."

Fájánà ti sún mọ́ ìdí òpó. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́. "Ìyá Làtífù, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe? Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín?"

"Mo rántí. O ní Làtífù ni ìwọ yóò fún. Ẹnu kan náà ni o fi sọ nísinsìnyí pé Jímọ́ọ̀ ló ni ìkòkò epo mi. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún lójú alfa àti lójú ayé, o ń gba tirẹ̀. Èmi tí wọn kò so okùn kankan fún ńkọ́? Bó o bá gba tirẹ̀ tán, ta ni ìwọ yóò tún kọjú sí?"

"Èmi kò sọ pé màá gba..."

"O sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ. Etí tó gbọ́ kókò náà ló gbọ́ èyí."

Bàbá Ọ̀ṣúnkọ̀yà gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ènìyàn kì í fi ohun olóhun fẹ́ ìyàwó. Kókò kì í ṣe ti Jímọ́ọ̀. Kòkó ni tirẹ̀. Àṣìsọ ni alfa sọ, kò lè fi ti ẹlòmíràn tọrẹ. Kòkó ìsàlẹ̀ odò, Sàlámọ̀tù ló ni ín."

"Ilẹ̀ ńkọ́, Bàbá?" Iṣan ti dìde lọ́rùn Fájánà. "Ilẹ̀ Awórìndé ni!"

"Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ẹnikẹ́ni kò jiyàn ìyẹn. Igi ni tirẹ̀ títí igi yóò fi gbó. Abà inú rẹ̀ bá igi lọ. Bí igi bá kú, kò gbọ́dọ̀ gbin òmíràn láìgba àṣẹ."

"Mo gbà, Bàbá," Sàlámọ̀tù ní. Ẹ̀mí rẹ̀ ti ń padà wá, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣáájú ẹ̀mí náà dé. "Ọkọ mi, bí ẹ bá nílò ilẹ̀ yín, ẹ rọra máa fà á yọ lábẹ́ igi mi."

"Sàlámọ̀tù!"

"Mo dákẹ́, Bàbá."

Arúgbó náà nawọ́ sí àwo tó wà nílẹ̀. "Èyí ló kù. Mo ti sọ ti igi. Ṣùgbọ́n opó tó bá dá pákò padà kì í sùn nílé yìí mọ́. Èmi kọ́ ni mo dá òfin yẹn, n kò sì lè tú u. Ronú kó o tó ṣe é."

Kò sí ẹ̀rín mọ́. Yàrá tí ó ti bí ọmọ, tí ó ti sin méjì nínú wọn, tí Jímọ́ọ̀ kú sí lórí itan rẹ̀, ogún ìṣísẹ̀ kò sí láàárín òun àti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Sàlámọ̀tù gbé àwo náà. Ó fi orúnkún rìn dé iwájú Fájánà, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ó ní. "Ọlọ́run yóò fún yín ní ìyàwó tí kò mọ ìdí yín rí."

Àwọn kan rín sínú. Òun gan-an kò mọ̀ bóyá àwàdà ni òun ṣe.

Nígbà tí oòrùn ń yẹ̀ lórí, ẹrù rẹ̀ ti wà lójúde. Kò pọ̀. Gàrúbà dúró tì í, ojú ń tì í.

"Jẹ́ ká lọ sí Àpòmù. Màá ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá kan fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó yín kí n tó dáná? Rárá. Ararọ̀mí ni mò ń lọ."

"Nínú abà? Ìwọ nìkan?"

"Kòkó ti pọ́n. Bí n kò bá sí níbẹ̀ lọ́la, àwọn tí Fájánà gbà yóò wà níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ má ronú. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́. Kò wù mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ wọná nítorí mi. Ilé yín ti gbóná tó."

Gàrúbà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ó sì gba ọ̀nà Àpòmù lọ.

Láti ẹ̀yìnkùlé ni ìró ìkòkò ti ń wá. Sàlámọ̀tù yí ilé po. Ẹfúnyẹmí wà láàárín àwọn ìkòkò epo rẹ̀, ó ń yí wọn kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkúfọ́ ọ̀kan wà nílẹ̀, epo pupa ti ṣàn dé ìdí ààrò.

"Fájánà?"

"Ó ní ẹsẹ̀ òun ló ṣèèṣì kọ lù ú." Ẹfúnyẹmí kò gbé orí sókè. "Bó ti ń ṣèèṣì lónìí, ọ̀la náà yóò ṣèèṣì."

Sàlámọ̀tù dúró. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kún un lẹ́nu.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ìyáálé rẹ̀ ní. "N kò ṣe é nítorí rẹ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, inú ń bí mi. Kòkó tó yẹ kó di ti ọmọ mi ni mo fi ẹnu ara mi gbé fún ọ lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo mọ̀."

"O kò mọ̀."

Adìẹ kan wá, ó fẹ́ tọ́ epo wò, Ẹfúnyẹmí lé e.

"Yàrá méjì ló wà ní abà," Sàlámọ̀tù ní. "Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, omi wà nítòsí fún epo fífọ̀. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣèèṣì."

"Èmi àti ìwọ? Nínú igbó? O ń hanrun bí ẹni pé ọlọ ni wọ́n ń yí."

"Ẹ̀yin náà ń jà lójú oorun. Láti yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ yín. Èmi lẹ sì máa ń bú."

Ẹfúnyẹmí na ẹ̀yìn, ó wo ilé tí wọ́n gbé e wọ̀ nígbà tí kò tíì hu irun abẹ́ tán, páànù rẹ̀, òpó rẹ̀, epo tó ń mu sínú ilẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, nígbà tó sì jáde, òṣùká ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yàrá tó kọjú sí odò ni tèmi," ó ní. "Èmi ni ìyáálé."

"Tiyín ni."

"Sọ ọ́ kó yé mi."

"Yàrá tó kọjú sí odò, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ẹfúnyẹmí gbé òṣùká lérí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tó tóbi jù, Sàlámọ̀tù sì di etí rẹ̀ kejì mú láti bá a gbé e rù.